Àpótí Gíà Tí Mo Gbé Lọ sí Pọ́tákọ́ọ̀tù

Ẹ̀yin tí ẹ ń yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí a gbé e kúrò nílé, ẹ rò pé òkú ni. Mi ò bá yín jà. Ohun tí ọkùnrin mẹ́rin fi ọ̀pá gbé, tí a fi ẹní wé, tí a fi okùn dì lókè dì nísàlẹ̀, tí ìyá arúgbó sì ń tẹ̀lé lẹ́yìn tó ń nu ojú, kí ni ènìyàn ó tún pè é? Ṣùgbọ́n irin ni. Àpótí gíà ọkọ̀ wa ni, ọkọ̀ Ọmọ Ìyá tí gbogbo yín mọ̀. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, ẹ sì ń bi mí lọ́tùn-ún lósì pé báwo ni ọ̀hún ti rí. N ó sọ ọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ bí kò ṣe rí nígbà kan, ojú mi sì ti rí i.

Ẹ rántí bí ọkọ̀ náà ṣe dé ọwọ́ wa. Èmi àti Àkànbí àbúrò mi, ọmọ ìyá kan náà, la jọ rà á ní gbàǹjo lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí ń la ọ̀nà. Ó ti rin ìrìn tó pọ̀ kó tó kàn wá. Taya mẹ́wàá ló ní, imú rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti bàbá tí oorun ń kùn. Ohun tó ya gbogbo mẹkáníìkì Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu ni pé kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ òsì dírẹ́bà kò níṣẹ́ kankan. Ìwọ ṣáà gbé ọ̀pá gíà síbi ìrìn, kí o tẹ iná, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa pààrọ̀ gíà bó ṣe wù ú. Èmi ń wà á lọ sí Ìbàdàn, Àkànbí ń wà á lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Ọdún mẹ́ta la fi jẹun lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí Àkànbí ń kó iṣu bọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì lókùn, ó gbọ̀n, ó dúró. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, taya kò yí. Okùn ni wọ́n fi fà á wálé.

Kí ni mo wá ṣe? Níwájú ìyá wa àti gbogbo agbo ilé ni mo ti sọ pé ọwọ́ Àkànbí ló pa á. Èmi ti ń wakọ̀ láti ogún ọdún, òun kò tíì lo mẹ́fà. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní láéláé, kò gbọdọ̀ jókòó sídìí sítíárìn ọkọ̀ tí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ru pákó nílé ìlagi, bó bá sì rí bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà ìyá wa, ẹ̀yìn ló ń yí padà.

Mẹkáníìkì wa tú àpótí gíà náà sílẹ̀, ó wò ó yíká bí ẹni wo ìjàpá, ó ní, “Bàbá, ọwọ́ mi kò tó o. Àwọn òyìnbó tí ń wá epo nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní Pọ́tákọ́ọ̀tù ló ní irú ọkọ̀ báyìí. Lọ́hùn-ún lẹni tó mọ inú rẹ̀ wà.”

Ìyá wa ló wá pè mí lọ́wọ́ àárọ̀. Ó ní, “Àjàní, bí irin bá bàjẹ́, a ó rí irin mìíràn. Wádìí ohun tó pa á wá fún mi kí n tó kú. Mi ò lè bí ọmọ méjì kí n máa dá oúnjẹ gbé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

Ohun tó gbé mi rìn nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Òkú nínú ọkọ̀

Mi ò ní fi ìnira ọ̀nà yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó ti jókòó lórí pákó lọ́rì láti Ìbàdàn dé Bìní mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì jókòó kò ní gbà mí gbọ́. Àwọn èrò ni mo fẹ́ sọ.

Ìyá kan wọ̀ ní Iléṣà, ó sanra dáadáa, ó gbé agbọ̀n adìyẹ lọ́wọ́. Ibi tó ṣófo kò ju ẹ̀gbẹ́ àpótí mi lọ. Ó wo ẹní, ó wo okùn, ó wo ojú mi.

“Bàbá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, ìyá. Àpótí gíà ni.”

“Hẹn-ẹn. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó gbé bàbá rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá ṣe sọ pé àgbàdo ni.”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo tú okùn apá kan, mo ní kó fọwọ́ kàn án. Ó na ìka kan ṣoṣo, ó yára fà á padà, ó tún nà án.

“Yéè! Irin ni lóòótọ́! Kí ló wá pa á?”

“Àbúrò mi ló pa á.”

Ẹ ò rí i bí ìyá náà ṣe pàtẹ́wọ́. “Àwọn àbúrò! Tèmi náà ló fi maṣín ìránṣọ mi rán àpò. Ojú abẹ́rẹ́ kan kò kù.” Ọkùnrin tó wà níwájú ní tòun ta ajá ọdẹ òun. Ẹlòmíràn ní tòun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilé ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Kí a tó dé Oǹdó, kò sí àbúrò kan nílẹ̀ Yorùbá tí a kò tíì dá lẹ́bi. Inú mi dùn. Kí àjèjì máa mi orí sí ọ̀rọ̀ ẹni dùn ju ẹmu ìdájí lọ. Nígbà tí a dé Bìní, tí obìnrin tó bu ìrẹsì fún mi béèrè ohun tí mo gbé, mi ò tilẹ̀ dúró kó béèrè èyí tó kù. Èmi fúnra mi ni mo fi kún un pé àbúrò mi ló pa á.

Odò Ọya

Ní Asaba, ilẹ̀ tán. Odò Ọya ló kù, ó sì fẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn òdìkejì rí bí èèrà. Wọ́n ní wọn yóò ṣe afárá sí i lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ tiwa, ọkọ̀ omi pẹrẹsẹ kan ló ń kó lọ́rì kọjá, ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà pupa ló sì ń tò wọ́n sínú rẹ̀. Wọ́n á ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Onitsha kí ọkọ̀ tó gbéra. Bó ti rí ẹrù mi báyìí, ó ṣí fìlà.

“Papa Coffin! Sorry o!”

Pósí ló ń sọ. Mo tún tú okùn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó béèrè ẹni tó bà á jẹ́, tí mo sì fi Pínjìn tí mo mọ̀ dá a lóhùn pé “Na my brother”, kò mi orí bíi tàwọn yòókù. Ó ní, “And you carry am alone?” Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹní náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìlú tí omi ti ń lọ ti ń bọ̀

Ọ̀sán gangan la wọ Pọ́tákọ́ọ̀tù, òjò sì ń rọ̀. Nílé wa, òjò máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀: atẹ́gùn á fẹ́, ojú ọ̀run á ṣú, àwọn obìnrin á sáré ká aṣọ. Lọ́hùn-ún, kò sí ìkìlọ̀. Òòrùn ń ràn, òjò ń rọ̀, àwọn ènìyàn sì ń nájà lọ bí ẹni pé ara igi ni omi náà ń bọ́ sí.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ràfíù ni mo wọ̀ sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tó ti ń ta aṣọ níbẹ̀ láti ìgbà ogun àwọn òyìnbó. Àwọn ọmọ rẹ̀ jáde wá, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n ní, “Papa, welcome o!” Bàbá Ràfíù rí bí ojú mi ṣe yí padà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹnu wọn ni kò gbọ́ Yorùbá, orúnkún wọn gbọ́ ọ.” Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ gbì!

Ní ọjọ́ kejì ni a gbé àpótí náà lọ sí ẹ̀bá omi lápá Iwofe, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo dírẹ́bà ìlú náà ń pè ní Ọ̀gá Dagogo. Ọmọ ilẹ̀ omi ni. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ mọ̀, ó ṣe ọdún mẹ́rin létí òkun Èkó, lẹ́yìn náà ló bá àwọn òyìnbó epo tún irú ọkọ̀ wa ṣe títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àtíbàbà pákó tó fi páànù bò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹ̀wù rẹ̀ gùn dé orúnkún, fìlà òyìnbó dúdú kan sì wà lórí rẹ̀ tí kì í ṣí kódà bó bá wà lábẹ́ ọkọ̀.

Ó gbọ́ Yorùbá láti Èkó, ṣùgbọ́n Yorùbá tirẹ̀ kò ní “ẹ” nínú rárá.

“Ìwọ dé? Jókòó. Kí lo gbé wá?”

Èmi tí ọmọ mi ti gbéyàwó! Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pè mí ní ìwọ, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu àga fún mi, ó bu omi fún mi kó tó bu ti ara rẹ̀, kò sì jókòó títí mo fi mu ún tán. Mo wá rí i pé ọ̀wọ̀ lè gbé inú ọwọ́ bí kò bá ráyè gbé lẹ́nu.

Ó tú ẹní. Kò mú irinṣẹ́ kankan. Ó kọ́kọ́ fi etí lé irin náà, ó fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀, ó gbọ́. Ó ti ìka bọ inú ihò epo rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ẹni tó dé ilé aláìsàn.

“Ó jóná nínú. Na who kill am?”

“Àbúrò mi ni,” mo wí.

Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ọ̀nà, ó tún wò mí. “Àbúrò kò sí níbí. Ìwọ ló wà níbí.”

Bàbá Ràfíù ló wá ṣàlàyé òfin ibẹ̀ fún mi. Nílé bàbá Dagogo, bí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ bá dojú dé, wọn kì í tì í padà sínú omi títí ẹni tó ń tù ú yóò fi dúró létí odò, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe dojú dé. Wọ́n ní àṣìṣe tí ẹnu kò bá sọ, ọwọ́ á tún padà ṣe irú rẹ̀. Dagogo wá gbé òfin ọkọ̀ omi náà wọ inú ọkọ̀ ilẹ̀. Àpótí gíà kankan kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ẹni tó gbé e wá yóò fi sọ ohun tó pa á, bó sì jẹ́ ọba ló gbé e wá.

Mo ní, “Mo ti sọ ọ́.”

Dagogo ní, “O ti sọ orúkọ ènìyàn. Orúkọ ènìyàn kò lè pa irin.”

Ọwọ́ tí ń gbọ́ràn

Ẹ jẹ́ kí n yin ọkùnrin náà, nítorí ẹni tó bá rí i tí kò yìn ín, ojú rẹ̀ ló ń dùn ún.

Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, aṣọ funfun gidi, bíi ti orí ibùsùn àlejò. Bó ti ń yọ irin kọ̀ọ̀kan ló ń tò ó sórí rẹ̀ bó ṣe jáde tẹ̀léra, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dá a kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí ọwọ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá di irin kékeré mú, ẹ ó rò pé ẹyin ẹyẹ ni. Kò kánjú. Ó lè wo irin kan láti ìgbà tí omi bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù títí omi á fi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, omi ibẹ̀ ń lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì iṣẹ́ náà mo rí i pé ẹrẹ̀ nìkan ló kù níbi tí odò wà lánàá, alákàn ń rìn káàkiri lórí rẹ̀. Mo pariwo pé odò yín ti gbẹ. Ìyàwó Dagogo, tí wọ́n ń pè ní Màmá Ibinabo, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé odò lọ sọ́jà, yóò dé lọ́sàn-án. Lọ́sàn-án, ó dé.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi kẹrosíìnì fọ irin. Dagogo ní olówó ọkọ̀ tí kò bá fọ irin rẹ̀ kò mọ ohun tó ní. Mo fọ̀ ọ́. Èmi tí mo ti wakọ̀ fún ogún ọdún, mi ò mọ̀ rí pé inú àpótí náà rí báyìí: àwọn àwo tín-ín-rín tó wọnú ara wọn bí ewé ẹ̀kọ, ihò kéékèèké tí epo ń gbà bí ọ̀nà ìkamùdù, àti àwọn bẹ́líìtì irin fífẹ̀ tí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ tẹ́ nínú. Ọ̀kan nínú àwọn bẹ́líìtì náà dúdú kirikiri. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò funfun. Dagogo gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, mo jókòó lórí àfọ́kù ọkọ̀ kan, mo ń wo àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orí omi ni wọ́n ń gbà lọ. Obìnrin mẹ́ta nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kan ṣoṣo, aṣọ wọn ń dán, fìlà òyìnbó abìyẹ́ lórí wọn, àwọn fúnra wọn ló sì ń tukọ̀. Ìkán omi kan kò ta sí wọn láṣọ. Wọ́n kí mi láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n béèrè bóyá òkú mi ti jí. Gbogbo etí omi ló ti gbọ́ nípa mi.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Dagogo mú mi lọ sí Trans-Amadi, níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la igbó láti kọ́ ilé iṣẹ́ sí. Òkú ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ nínú koríko, ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ wa gan-an, imú kan náà. Ó bá àwọn ọlọ́dẹ sọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n, a sì yọ bẹ́líìtì àti àwọn àwo tó ṣì dára lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan orí ọkọ̀ náà kó tó kúrò níbẹ̀. Ó ní, “Thank you, old man.”

Ní ọjọ́ kẹfà, gbogbo rẹ̀ ti pé lórí aṣọ funfun. Ó ku kí wọ́n dé e.

Dagogo ní, “Ó ku ẹnu rẹ.”

Mo ní, “Àbúrò mi ni.”

Ó nu ọwọ́. “Ó dáa. Jẹ́ ká jẹun.”

Iyán pupa

Ohun tí Màmá Ibinabo gbé síwájú wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ẹ bá rí i, ẹ ó pariwo. Iṣu ni, wọ́n gún un, ṣùgbọ́n wọ́n gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n tún da epo pupa sí i títí ó fi pọ́n bí ojú òòrùn ìrọ̀lẹ́. Iyán! Iyán tí àwa ń fẹ́ kó funfun kí àlejò lè yìn wá! Ẹja gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀. Mo bu òkèlè kékeré nítorí ìtìjú. Mo bu ńlá nítorí òtítọ́. Wọ́n tún gbé ìgbín kéékèèké inú ẹrẹ̀ wá, ìdí rẹ̀ rí ṣónṣó, wọ́n ti gé e. Wọ́n ní kí n fi ètè fà á jáde. Mo fà á, kò wá. Mo fà á títí etí mi fi dún. Màmá Ibinabo mú ọ̀kan, ṣíù, ó ti lọ.

“Fà á bí ẹni tó fẹ́ fẹnu ko ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu,” Bàbá Ràfíù wí.

“Ìyàwó wa kò gbé inú ẹrẹ̀,” mo dá a lóhùn, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a yó, Màmá Ibinabo ní òun gbọ́ pé mo mọ ìtàn sọ, kí n sọ nípa ilẹ̀ mi fún wọn, ilẹ̀ tí kò ní omi. Ẹ mọ̀ mí. Ta ní í bẹ ẹyẹ kó tó fò? Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ń bá Dagogo ṣiṣẹ́ jókòó yí mi ká. Mo nu ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀. Mo da Yorùbá pọ̀ mọ́ Pínjìn, Bàbá Ràfíù sì ń bá mi ṣí ọ̀nà níbi tó bá dí. Mo ní ilẹ̀ wa ní òkè. Mo ní òkè kan wà ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí àwa dírẹ́bà ń pè ní Gbémidélé.

“Bí mo bá gun orí Gbémidélé tán báyìí, tí mo rí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, n ó já ọkọ̀ sí fìríì! N ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Kò sí gíà tó dì í mú mọ́. Á máa lọ bí àṣá tó na ìyẹ́. Ìkán bẹntiróòlù kan kò ní jó. Àwọn èrò á máa ké, ‘Àjàní o! Dírẹ́bà ayé!’ Ní ìsàlẹ̀, níbi tí òkè kejì ti bẹ̀rẹ̀, tí eré rẹ̀ le jù lọ, gbàù! N ó jù ú padà sínú gíà. Ọkọ̀ á fò bí ẹṣin tí a nà ní pàṣán. Àtẹ́wọ́!”

Àwọn ọkùnrin náà ń wò mí. Mo rò pé adùn ìtàn ló mú wọn lẹ́nu.

“Lọ́rì yìí kan náà?” Dagogo béèrè pẹ́lẹ́.

“Òun náà kẹ̀!”

“Ìgbà mélòó?”

“Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ti Ìbàdàn bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọdún mẹ́ta gbáko.”

“Àbúrò rẹ ńkọ́?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín. “Àkànbí? Ojo ni! Lórí òkè tirẹ̀ lọ́nà Ìlọrin, inú gíà ló máa ń wà tí yóò fi rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó ru omi. Mo bá a wí títí ẹnu mi fi bó.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Ràfíù ti mọ̀ kí n tó mọ̀. Mo rí i tó ń wo ilẹ̀. Dagogo dìde, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó mú bẹ́líìtì dúdú tí mo fọ̀ tí kò funfun, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ó ní, “Tún ìtàn yẹn sọ.”

Mo yí bẹ́líìtì náà padà lọ́wọ́ mi. Ó jókòó tì mí, ó sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ọkọ̀ oní-kílọ́ọ̀ṣì tí mo fi kọ́ṣẹ́ lè gba fìríì orí òkè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èyí, bẹ́líìtì ló ń di irin tó ń yí mú. Bí mo bá jù ú padà lórí eré, òun nìkan ni gbogbo ọkọ̀ àti ẹrù á dìrọ̀ mọ́, bí ẹni tó fi ọwọ́ lásán di okùn ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ mú. “Lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ á bó. Ọdún mẹ́ta, ọwọ́ kò sí mọ́.”

“Ọjọ́ tó kú, Àkànbí ló ń wà á,” mo wí. Ohùn mi kéré.

“Ọjọ́ tó kú ló bá a,” Dagogo wí. “Kì í ṣe òun ló ń pa á.”

Mo di bẹ́líìtì náà mú títí omi fi padà dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo ń rí Àkànbí tó dọ̀bálẹ̀, tó dìde, tó jáde. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́bàá aṣọ funfun níwájú gbogbo wọn. Gbogbo ìtàn tí mo ti sọ láyé mi, kò sí èyí tó kúrú tó o. Mo ní, “Èmi Àjàní ni mo pa á. Fìríì orí òkè ni mo fi pa á. Mo sì fi ẹ̀bi rẹ̀ lé ọmọ ìyá mi lórí.”

Mo ń retí ẹ̀rín. Ní ìlú mi, ẹ̀rín ni ǹ bá gbọ́. Ẹ má purọ́, ẹ mọ ara yín. Àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, “We don hear.” Màmá Ibinabo náà ní, “We don hear.” Ó bu omi sínú abọ́, ó ní kí n wẹ ọwọ́. Dagogo wá kúnlẹ̀ sídìí aṣọ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to irin padà.

Ọ̀nà ilé

Ibi tí mo gbé irọ́ gbà lọ ni mo gbé òtítọ́ gbà bọ̀, ọ̀nà náà sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní odò Ọya, aláfìlà pupa rí mi, ó pariwo, “Papa Coffin! He don wake?”

“He don wake.”

“And the brother wey kill am?”

Mo wo omi. Mo ní, “Na me kill am.”

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó tò wá síwájú gbogbo lọ́rì tó ti dé ṣáájú wa, ó ní bàbá yìí ń kánjú, ó ní ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé. Ní Bìní, mo tún un sọ fún obìnrin onírẹsì, òun tilẹ̀ ti gbàgbé mi. Mo ṣáà sọ ọ́.

Mo dé ilé. Ẹ rí mi. Ohun tí ẹ kò rí ni inú yàrá ìyá wa. Mo ní kí wọ́n lọ pe Àkànbí wá nílé ìlagi. Ó dé, eruku pákó kún irun rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nítorí ó rí bàtà mi. Mo gbé bẹ́líìtì dúdú náà lé ẹsẹ̀ ìyá wa, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́bàá aṣọ funfun.

Kò ya Àkànbí lẹ́nu. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, mo mọ̀.”

“O mọ̀?”

“Láti ọdún kejì. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ yín, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń kérora lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìdí tí mo fi ń rọra sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

Ó wo ilẹ̀. “Ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún? Ẹ̀yin lẹ ń sọ ìtàn nílé wa.”

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rí. Mi ò gbọ́ èyí tó wọ inú egungun mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, èmi ẹ̀gbọ́n. Ìyá wa dìde, ó lọ sí ìdí ààrò, a sì gbọ́ tó ń bu oúnjẹ sínú àwo kan ṣoṣo.

Mẹkáníìkì wa dá àpótí náà padà sínú ọkọ̀; lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọmọ Ìyá lọ sí Ìbàdàn, ó ń bọ̀. Àkànbí ló wà nídìí sítíárìn, èmi jókòó tì í. A gun orí Gbémidélé tán. Ọwọ́ òsì mi gbéra fúnra rẹ̀, ó ń lọ síbi ọ̀pá gíà. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú. Àkànbí rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọkọ̀ náà wà nínú gíà, ó ń rọra kùn, ó ń rọra sọ̀. Lọ́rì kan já fìríì, ó kọjá lára wa fìrì, àwọn èrò rẹ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn èrò tiwa náà kò gbà. Ọ̀kan ké láti ẹ̀yìn, “Dírẹ́bà, ṣé ìyàwó tuntun lo gbé ni? Kí ló dé tí à ń rá báyìí?”

Mo la ẹnu. Mo pa á dé.

“Àkànbí,” mo wí, “dá wọn lóhùn.”

Ó wò mí láti wò ó bóyá ọkàn mi wà níbẹ̀. Ó wá gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì lókùn. Ó sọ ti òkú inú ẹní, ó sọ ti ìgbín tí kò gbà kí n fà á, ó dé ibi tí mo ti ń yin ara mi níwájú àwọn àjèjì, àwọn èrò sì fi mí rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Ó mọ ìtàn sọ jù mí lọ. A dé ìsàlẹ̀ òkè, kò tíì sọ ọ́ tán, a ṣì wà nínú gíà.